Aláǹtakùn Abẹ́ Àga Awakọ̀

Ní ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì kúrò lójú ọkọ mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, o ti darúgbó o." Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ wá dígí." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ohun kejì tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Ọkọ̀ mi ńkọ́?"

Bàbá ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Èmi náà ti gba orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ tipẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ń bèèrè wà lẹ́yìn ilé wa ní Ẹdẹ, lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí wọ́n gbé e sí nígbà tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú wọn. Mẹkáníìkì ni Bàbá. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà Awó, èmi sì ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti omi bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá tó, mo máa ń bá wọn di nǹkan mú. Ìwé tí mo kà kò jìnnà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ọwọ́ bọ àpótí sípánà, mo mọ èyí tó jẹ́ mẹ́tàlá àti èyí tó jẹ́ mẹ́rìnlá láìwò ó. Nígbà tí ojú wọn wá ṣókùnkùn, a ti ṣọ́ọ̀bù, mo kó ọ́ìlì mi wá sílé, koríko sì bo ọkọ̀ dé fèrèsé.

Ní gbogbo àkókò tí wọn ò ríran dáadáa yẹn, ẹlòmíràn ló ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí òkú bá kú níbì kan tí a sì ní láti débẹ̀, èèyàn á di apá wọn mú wọ inú ọkọ̀ èrò, àwọn èrò á máa ní, "Ẹ rọra o, ẹ bá Bàbá gbé ẹsẹ̀ yẹn." Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ láti Ẹdẹ dé Kánò. Wọn kì í ráhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń ká wọn lára. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ojú là, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: kí àwọn fúnra àwọn wa ọkọ̀ yẹn lọ sí Yídì ní Iléyá tó ń bọ̀, kí gbogbo ìlú rí àwọn lẹ́yìn sitiarín.

Èmi ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ohun tó bá ti dúró, tí kò ṣiṣẹ́, mo fẹ́ kí ó kúrò níwájú mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ta irin yìí fún àwọn onírin. Tẹ̀tẹ̀ á ṣe dáadáa níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ṣé tẹ̀tẹ̀ ni màá gùn lọ sí Yídì?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo lọ mú àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán koríko.

Ọkọ̀ tó bá pẹ́ nílẹ̀ kì í ṣófo. Bí èèyàn bá kó jáde, nǹkan mìíràn á kó wọlé. Nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n máa ń wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù láyé ọjọ́un, a ti bá eku, a ti bá agbọ́n, a tilẹ̀ ti bá adìyẹ tó sàba lórí àga ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n aláǹtakùn ló máa ń pọ̀ jù. Á wà lẹ́yìn iná iwájú, á wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wà nínú ihò tí wọ́n ń gbà da epo sí i. Àwọn kan tóbi, ẹsẹ̀ wọn gùn bí ìka ọmọdé. Àwọn kan gbé ẹyin wọn mọ́ àyà bí ìyá tó pọn ọmọ síwájú. Àwọn kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. Ibi òkùnkùn ni wọ́n fẹ́.

Bàbá kì í pa aláǹtakùn. Ní agboolé tí wọ́n ti bí wọn, kò sẹ́ni tó ń pa á. Àwọn àfáà ti sọ fún wọn láti kékeré pé nígbà tí àwọn ọ̀tá ń lé Ànọ́bì wa, tí Ànọ́bì sá wọ inú ihò àpáta, aláǹtakùn ló ta ilé rẹ̀ dí ẹnu ihò náà, tí àwọn ọ̀tá fi rò pé èèyàn kankan ò gba ibẹ̀ wọlé. Kòkòrò tó ṣe irú oore bẹ́ẹ̀, a kì í fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí Bàbá tó ṣí ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn sípánà lu bọ́nẹ́ẹ̀tì kó-kó-kó, wọ́n á ní, "Bisimilá. Onílé, a dé o." Wọ́n á mú páálí pélébé dání. Aláǹtakùn tó bá kù, wọ́n á fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ gun orí páálí, wọ́n á gbé e lọ sínú koríko. Wọn kì í wọ ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó ń tẹ̀. Èèyàn lè ti pa nǹkan kí ó tó mọ̀.

Ká sòótọ́, àwa ò tilẹ̀ mọ̀ pé aláǹtakùn ń jẹ èèyàn. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé ó máa ń tọ̀ síni lára. Bí ó bá tọ̀ sí ọ lára, ibẹ̀ á wú, á yún ọ, wàá fi epo pupa ra á, ó parí.

Ẹni tó wá bá wa ṣe wáyà ọkọ̀ náà jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá, àbúrò ni ó jẹ́ fún wọn lọ́jọ́ orí. Ríwáyà ni gbogbo ọ̀nà Awó ń pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ẹlẹ́nu ṣíṣí ni, ìyàwó ló sì máa ń pè mí títí di òní pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi. Ọjọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn, ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n! Ilé yìí ti gba ayálégbé o. Ẹ jẹ́ kí n fín oògùn sí i, ká ti ilẹ̀kùn. Tó bá fi máa di ọ̀la, gbogbo wọn á ti kú."

Bàbá ní, "Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ tí wọ́n fi máa kú?"

"Wọn ò tíì fi nǹkan kan ṣe mí. Ìdí mi ni mo ń gbà sílẹ̀."

"Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò ní sùúrù rárá."

"Ẹ̀gbọ́n, ihò àpáta kọ́ lèyí. Ọkọ̀ ni. Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín."

Mo ní èmi ò sí nínú ìjà ọkọ̀ àti ihò. A rẹ́rìn-ín. Oògùn náà ò jáde nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bí oòrùn bá ti gbẹ ìrì láràárọ̀, a ó ti wà lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo ń di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi ni mo ń na sípánà sí wọn. Wọ́n tú kábúrétọ̀, wọ́n rẹ ẹ́ sínú pẹtiróò, mo sì dé láti ilé ìdáná, mo rí i pé abọ́ tí mo fi ń bó ẹ̀wà ni wọ́n mú. Mo bá wọn jà. Wọ́n ní, "Mọ́ínmọ́ín oní-pẹtiróò, á yára jinná." Àwọn púlọ́ọ̀gì tó ti dúdú, wọ́n fi pépà oníyanrìn ha á títí ó fi ń dán. Mo máa ń wo ọwọ́ wọn. Ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbàgbé nǹkan kan. Bí nọ́ọ̀tì bá wà níbi tí iná ò dé, ìka ìfábẹ̀lá wọn á yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Mẹ́wàá. Gbé mẹ́wàá wá." Mẹ́wàá náà ni yóò jẹ́.

Bí mo bá ń rántí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn òwúrọ̀ wọ̀nyẹn ló máa ń dùn mí jù. Inú Bàbá ò dùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá ku àga awakọ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ irin tó ń sún lé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, Bàbá sì fẹ́ yọ ọ́ kí àwọn lè rí okùn kílọ́ọ̀ṣì tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n da ọ́ìlì sí i. Wọ́n lu àga náà bí ìṣe wọn, wọ́n kí onílé. Àwọn aláǹtakùn méjì jáde, a gbé wọn lọ. A dúró díẹ̀, a ò rí òmíràn. Bàbá wá fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ àga, wọ́n ń fi ìka wá nọ́ọ̀tì.

Wọ́n ní, "Yé."

Mo ní, "Ẹ̀gún ni?"

"Ó dà bí abẹ́rẹ́. Kò tó nǹkan."

Nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ jáde, aláǹtakùn kékeré kan wà lórí ìka ìfábẹ̀lá wọn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tábà gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, òwú ilé rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn bí aṣọ tó ti gbó. Ẹlòmíràn ì bá gbọn ọwọ́ tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Gbé páálí wá." Mo gbé e wá. Wọ́n tì í gun orí rẹ̀, èmi ni mo sì gbé e lọ sínú koríko.

Wọ́n ní, "Ó tọ̀ sí mi lọ́wọ́ ni." Wọ́n fi pẹtiróò fọ ọwọ́ bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń ṣe, mo fi epo pupa ra ibẹ̀ fún wọn, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí àsárì tó tó, àga ti jáde.

Ọjọ́ kejì, ibẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé ròrò, àárín rẹ̀ sì ń dúdú bọ̀. Ara wọn gbóná. Ará ilé kan gbé àdín wá, a fi àdín sí i. Àfáà wa ṣe àdúà sí omi, Bàbá mu ún. Ríwáyà wò ó, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan, ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ rí dókítà." Bàbá ní, "Nítorí ìtọ̀ aláǹtakùn? Dókítà á fi mí ṣe ẹlẹ́yà." Kò sí ẹni tó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú wa. Ìtọ̀ ni à ń tọ́jú, a ò mọ̀ pé ńṣe ló jẹ wọ́n.

Ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Òṣogbo ló dé ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì dúró lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá, ọwọ́ yín ń rùn."

"Àdín ni."

"Kì í ṣe àdín. Màámi, ẹ wá gbóòórùn rẹ̀."

Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti àárọ̀. A ò jẹun kí a tó gbéra.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ọsibítù bèèrè pé, "Kí ló jẹ yín, Bàbá?"

"Aláǹtakùn ni wọ́n ń pè é."

"Ṣé ẹ pa á? Ṣé ẹ mú un wá kí a rí irú èyí tó jẹ́?"

Bàbá wo ojú mi. Wọ́n ní, "A sìn ín sọ́nà ni."

Nọ́ọ̀sì rò pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Dókítà ní ẹran ibẹ̀ ti kú, ikú náà sì ń rìn lọ sókè, àfi kí wọ́n gé èyí tó ti kú kí ó má baà kó bá èyí tó wà láàyè. Bàbá ò bèèrè bóyá ó máa dùn wọ́n. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé, "Ṣé màá lè fa gíà?" Dókítà ò mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ọwọ́ là." Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Gíà ọkọ̀ wa kò sí nílẹ̀ láàárín àga méjèèjì bíi ti àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ẹ̀gbẹ́ sitiarín ló wà, bí igi pàṣán, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń di orí rẹ̀ mú, tí wọ́n fi ń fà á sí ara, tí wọ́n fi ń gbé e sókè.

Wọ́n gé ìka ìfábẹ̀lá náà kúrò. Àtàǹpàkò wà, ṣùgbọ́n ó gan. Kò tẹ̀ wá pàdé àwọn ìka tó kù mọ́.

A wà nílé lẹ́yìn ọsibítù nígbà tí Ríwáyà parí wáyà, tó sì dá àga awakọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ dán an wò. Bàbá wà ní yàrá, ọwọ́ wọn wà lórí ìrọ̀rí, èmi ń gbá ilẹ̀. A kàn gbọ́ ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé: ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ìró ẹ́ńjìnnì yẹn kún gbogbo yàrá. Bàbá yí ojú sí ògiri. Mo rí ọwọ́ òsì wọn tó lọ sójú. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó ń jó epo jù. Sọ fún un kí ó dín in kù."

Iléyá ku díẹ̀ nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dán ọkọ̀ wò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé rárá. Ọmọ wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi wà lẹ́yìn. Bàbá wọ fìlà. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíà, kìíní wọlé, ọkọ̀ gbéra. Áà, àwọn ará àdúgbò hó! "Alájì! Ọ̀gá mẹkáníìkì! Ẹ ti padà sójú títì!" Obìnrin kan tó ń yan àgbàdo dìde, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí wọn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, orí wọn sì dúró gangan. Mo sọ sínú ara mi pé, ó ti ṣẹ.

Ibi tí ọ̀nà àdúgbò wa ti gun òkè kékeré kí ó tó bọ́ sí títì ni wọ́n ní láti fa gíà kejì. Kejì yẹn, fífi àtẹ́lẹwọ́ tì í lásán kò mú un wọlé, àfi kí èèyàn dì í mú kí ó fà á. Wọ́n fẹ́ dì í mú, ọwọ́ yọ̀. Wọ́n tún dì í, ó tún yọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan ti wà lẹ́yìn wa, kẹ̀kẹ́ Máruwà kan wà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń fọn fèrè.

"Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà jàre!"

"Ta ló fún wọn ní ọkọ̀?"

Ọmọ wa fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ dúró, Bàbá ní kí ó tú u sílẹ̀. Bàbá fi sitiarín sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ òsì kọjá kí wọ́n lè fi fa gíà, imú ọkọ̀ sì yà sí ọ̀nà gọ́tà. Ọmọ wa tún di sitiarín mú. Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n pa ọkọ̀.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bọ́ síbí, kí o wà á."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gba iwájú ọkọ̀ yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọlọ́kadà yẹn ò fọn fèrè mọ́.

Ọmọ wa ló wa ọkọ̀ lọ sí Yídì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá ń kí wọn pé wọ́n ti di ọ̀gá, wọ́n ti ní dírẹ́bà obìnrin tó kàwé. Bàbá ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo kọ́nà, láti ẹ̀yìn tí mo wà, mo rí ẹsẹ̀ wọn tó ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi tí bíréèkì kankan ò sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn ọdún, mo bèèrè ohun tó ti wà nínú mi. Mo ní, "Bàbá, ká ní ẹ kì í dá àwọn aláǹtakùn sí ńkọ́? Ká ní a jẹ́ kí Ríwáyà fín oògùn yẹn?"

Wọ́n ní, "Kòkòrò yẹn wà nínú ilé rẹ̀. Èmi ni mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó sì ti jẹ mí kí n tó rí i. Bí mo bá pa á, ṣé ìka mi á hù padà?" Wọ́n wo ibi tí ìka ti kúrò. "Ìbọ̀wọ́ ni mi ò wọ̀. Mo ní ìbọ̀wọ́ nínú búùtù. Awọ gidi. Mi ò fẹ́ tẹ̀ wọ́n pa."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì ní ibi tí a lè gbé e sí. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra ọ́ìlì lọ́wọ́ mi nítorí ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó fi igi wá abẹ́ àga kí ó tó fi ọwọ́ wá a. Bí nǹkan bá sì jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ kéré bí abẹ́rẹ́, kí ó dé e mọ́ inú ike, kí ó gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ó má dúró de Jímọ̀. Àwọn kan ń gbọ́. Àwọn kan á ní, "Ìyá, nítorí aláǹtakùn lásán?"

Ọmọ wa ló ń lo ọkọ̀ náà báyìí. Bàbá ló fún un ní kọ́kọ́rọ́, wọn ò sì tún jókòó sẹ́yìn sitiarín rẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá ń bọ̀ láti Òṣogbo, ó ní láti yí gíà níbi òkè kékeré yẹn, ìró rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá á wà lórí àga níta, tẹ̀súbáà á wà lọ́wọ́ òsì wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ ọ̀tún tó wà lórí itan wọn á gbéra, á fà sí àyà, á lọ sókè díẹ̀. Wọn kì í mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gíà á wọlé lọ́hùn-ún. Èmi á dìde, màá lọ bu omi sílẹ̀ de ọmọ.